Wọ́n fẹ́ tún owó orí ìpínlẹ̀ ṣe: kí la ó bi wọ́n?

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà Atakúnmọ́sà, ní Iléṣà, ló bi mí láwọn ìbéèrè yìí. Mo kọ wọ́n síbí nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó.

Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá gbé àbá owó orí tuntun wá, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹni tí yóò san án gan-an. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí rìsíìtì. Ká ní wọ́n fi 500 náírà kún ohun tí awakọ̀ ń san ní gáréèjì lójúmọ́. Awakọ̀ á fi lé owó ọkọ̀, alágbàtà á fi lé àpò gàrí, ìwọ náà á fi lé kóńgò. Ìyá tó wá ra kóńgò kan fún ọmọ mẹ́rin ló máa gbé e délé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn onímọ́tò nìkan ló kàn, má gbà.

Kí gbogbo wa máa san iye kan náà ńkọ́? Ṣebí ìyẹn ló rọrùn.

Ó rọrùn láti kà, kò rọrùn láti gbé. Owó orí tí kò wo ohun tó ń wọlé fún àgbẹ̀ wà lára ohun tó fa ìjà Àgbẹ́kọ̀yà lọ́dún 1968 sí 1969. Òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn àgbẹ̀ ní agbára àwọn ká. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín in kù.

Òfin owó orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kìíní ọdún 2026, gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn àyọkúrò tí òfin fàyè gbà, 800,000 náírà àkọ́kọ́ tó wọlé fún èèyàn lọ́dún kò ní owó orí. Ohun tó bá lé ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ga títí dé ìdá 25. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó yìí, ṣùgbọ́n Àbújá ló ń pinnu iye rẹ̀. Bí olóṣèlú kan ní Ọ̀ṣun bá ṣèlérí pé òun á dín in kù, bi í pé agbára wo ló fẹ́ lò.

Kí ló dé táwọn gómìnà ń jà lórí VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi lé ọjà?

Torí pé ibẹ̀ lowó wà. Kò sí VAT lórí ẹ̀wà àti gàrí tìrẹ, àmọ́ ó wà lórí ọṣẹ tí o fi ń fọṣọ: ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 15, ìpínlẹ̀ 50, ìjọba ìbílẹ̀ 35. Ní báyìí, ìjọba àpapọ̀ ń mú 10, ìpínlẹ̀ ń mú 55, ti ìbílẹ̀ kò yí. Nínú ti ìpínlẹ̀, wọ́n ń pín ìdá 50 dọ́gba, ìdá 20 ń tẹ̀lé iye èèyàn, ìdá 30 sì ń tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti lo ọjà. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù. Bí ilé iṣẹ́ ọṣẹ bá ń sanwó rẹ̀ l'Ékòó, Èkó ni wọ́n máa ń ka ọṣẹ tí o rà n'Ìṣọkùn, ní Iléṣà, sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣun ló yẹ kí wọ́n kà á sí báyìí.

Wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ńkọ́?

Òfin fi í sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àbá tó bá kà á mọ́ owó orí ìpínlẹ̀, owó olówó ló ń kà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé owó náà á wọlé?

Ọmọ Iléṣà ni ọ́. Àwọn Òṣómàáló bàbá wa ta aṣọ àwìn káàkiri, wọ́n sì mọ̀ pé ọjọ́ tí aṣọ kúrò lọ́wọ́ kọ́ lèrè dé. Ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè fún ọjọ́ mẹ́ta ti jẹ nínú èrè rẹ̀. Bi wọ́n pé nínú 1,000 náírà tí mo san, mélòó ló máa dé àpò ìjọba? Agbowó mélòó ló máa kàn mí? Agbowó méjì ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó kan náà. Mo san méjèèjì, ó sì ń dùn mí dòní. Àbá tí kò bá dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ fagi lé, ẹrù ló fẹ́ fi kún ẹrù.

Ibo ni mo ti lè sọ ọ́?

Bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Óṣogbo bá pe aráàlú láti wá sọ̀rọ̀ lórí àbá, ẹ bá ìyálọ́jà lọ. Láti òní, máa tọ́jú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá já fún ọ sínú ọ̀rá kan. Ọ̀rá yẹn ni kí o gbé síwájú wọn.