Nígbà Tí Àgbébọ̀ Tuntun Bá Wọ Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń sin àgbébọ̀ mẹ́fà àti àkùkọ kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ tó kọjá bẹ̀rẹ̀, ó ra àgbébọ̀ mẹ́ta sí i ní ọjà Wàsó, ó sì fẹ́ tú wọn sáàárín àwọn ti ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí, nítorí ó mọ̀ pé èmi náà ń sin adìẹ, ó sì mọ ohun tí ojú mi ti rí nídìí rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ó bi mí ní ìrọ̀lẹ́ náà àti ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo fún un.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ṣé ó burú bí mo bá tú wọn sílẹ̀ báyìí? Ara wọn le, wọ́n ń jẹ, ojú wọn sì mọ́ kedere.

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tú wọn sílẹ̀. Ìjà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rù nígbà tí a bá mú adìẹ tuntun wọlé, nítorí ìjà ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n àrùn tí ojú kò tíì rí ni ó máa ń pa adìẹ tán nílé. Lùkúlùkú, tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle, lè wà lára adìẹ fún ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 15 kí àmì rẹ̀ tó hàn, adìẹ náà á sì máa jẹ, á máa mu, á máa tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Àrùn yìí ti pẹ́ ní agbègbè wa, nítorí àyíká Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ìparí ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Àkókò ọyẹ́ ni ìgbà náà, àkókò ọyẹ́ náà ni ó sì ṣì ń pa adìẹ jù lọ títí di òní, nígbà tí ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun ń kó adìẹ láti abúlé oríṣiríṣi pàdé nínú àgò kan ṣoṣo lọ́jà.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Adìẹ méjì péré ni mo rà, mo sì tú wọn sáàárín mọ́kànlá tí mo ní nílé lọ́jọ́ kan náà. Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo bá àgbébọ̀ dúdú kan tí ọrùn rẹ̀ ti lọ́, tí ojú rẹ̀ sì kọ sókè ọ̀run. Mo da àgbàdo síwájú rẹ̀, ó rí i, ó fẹ́ ṣà á jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àgbàdo náà ni àgógó rẹ̀ ń bọ́ sí, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, méjì ló kù nínú mẹ́tàlá, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ni èyí tí mo rà lọ́jà. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn nígbà náà: kí ló dé tí àlejò fi yè tí onílé fi kú? Lẹ́yìn náà ni oníṣègùn ẹran kan là mí lọ́yẹ̀ pé adìẹ tí ó ti gba àjẹsára, tàbí tí ó ti la àrùn náà kọjá rí, lè máa gbé kòkòrò àrùn náà kiri láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ṣàìsàn.

Nítorí náà, ọjọ́ 21 ni kí ẹ kà, ó kéré tán. Èmi a máa kà á dé 30.

Ìbéèrè: Níbo ni kí n wá kó wọn sí fún gbogbo ọjọ́ yẹn? Ẹ̀yìnkùlé mi kò tóbi.

Kò dìgbà tí ẹ bá kọ́ ilé mìíràn. Àgò ńlá, tàbí àpótí pákó tí a fi wáyà bò lójú, tó fún adìẹ mẹ́ta. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ó jìnnà sí ilé adìẹ tó ti wà bí ààyè bá ṣe gbà yín tó, bóyá ní apá kejì ilé níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa gbé eruku ìyẹ́ wọn lọ bá àwọn yòókù. Kí ike omi àti ike oúnjẹ wọn yàtọ̀. Àwọn ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fún lóúnjẹ láràárọ̀, kí ẹ tó wá lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò, kí ẹ sì ní bàtà kan tí ẹ ń wọ̀ lọ síbẹ̀ nìkan, nítorí ìgbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà lè gbé àrùn kọjá. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó padà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya ìyẹ́ abẹ́ apá àti ti ìdí wọn wò lójú oòrùn. Bí iná adìẹ bá wà lára wọn, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i tí yóò máa sá kiri, ẹ ó sì rí ẹyin rẹ̀ tó ṣù mọ́ ìdí ìyẹ́. Ẹ lè da eérú tó ti tutù pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sínú agbada kan kí wọ́n máa fi wẹ̀, ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n bí iná náà bá ti pọ̀, oògùn tí oníṣègùn ẹran bá fọwọ́ sí ni kí ẹ lò.

Ẹ tún bá oníṣègùn ẹran sọ̀rọ̀ nípa àjẹsára Newcastle fún gbogbo wọn, àti onílé àti àlejò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vom lẹ́bàá Jos ní ọdún 1924, ń ṣe é nílẹ̀ wa níhìn-ín. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lasota, inú omi mímu ni wọ́n máa ń pò ó sí. Ẹ má ṣe lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sí, nítorí yóò pa àjẹsára náà, omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́ ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Àwọn àgbà a máa fi okùn so adìẹ tuntun lẹ́sẹ̀ mọ́ èèkàn kí ó lè mọ ilé. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ó dára fún kí adìẹ mọ ilé, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n adìẹ tí a so kò lè sá, bẹ́ẹ̀ sì ni sísá ni ohun ìjà kan ṣoṣo tí àlejò ní. Bí ẹ bá so ó síbi tí àwọn onílé ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ti dì í lọ́wọ́ fún wọn nìyẹn.

Ìbéèrè: Ó ti pé ọjọ́ 24, kò sí èyí tó ṣàìsàn. Mo gbé wọn sún mọ́ àwọn ti ilé, ni àgbébọ̀ mi pupa tó máa ń jẹ́jẹ́ bá di ẹhànnà. Kí ló ṣe é?

Nǹkan kan kò ṣe é, Màmá. Ipò rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tí ó ti ń wo adìẹ láti kékeré, ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ọdún 1921: pé nínú ọ̀wọ́ adìẹ, kálukú ló mọ ẹni tí òun lè fi àgógó sọ lórí àti ẹni tí ó lè sọ òun. Ní agboolé wa, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni a fi ń mọ ìyálé yàtọ̀ sí ìyàwó kékeré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ti dé. Ti adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ní láti dán ara wọn wò ní méjì-méjì, bí wọ́n bá sì ti mọ ẹni tó jù, ìjà parí, nítorí ìwò lásán ti tó láti mú kí ẹni kékeré yàgò nídìí oúnjẹ. Àwọn mẹ́fà tí ẹ ní ti parí ẹjọ́ yìí láàárín ara wọn tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rò pé oníjẹ̀ẹ́jẹ́ ni wọ́n. Àlejò mẹ́ta tó dé yìí ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Orí àti ogbe ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ jù. Nítorí ìdí èyí, adìẹ yín fúnra yín tí ẹ bá yà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí àìsàn lè padà wá di àjèjì lójú wọn.

Ìbéèrè: Aládùúgbò mi ní kí n tì wọ́n wọlé lóru, pé bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àwọn tó kù yóò rò pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Adìẹ kì í ríran dáadáa lóru, nítorí náà kò sí ìjà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rí orí tí wọn kò mọ̀ nínú ilé tí a ti tì pa, kò sì síbi tí àlejò lè sá gbà. Òru dára láti parí iṣẹ́ náà, kò dára láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà pín ọgbà náà sí méjì fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n máa jẹun ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì lè fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ku wákàtí kan kó wọ̀, ẹ ṣí gbogbo wọn sí gbangba, ẹ má ṣe ṣí wọn sínú ilé. Kí ike oúnjẹ àti ti omi jẹ́ méjì-méjì, kí ẹni tó wà nídìí ọ̀kan má sì lè máa wo ìdí èkejì. Ẹ fi pákó kan gbé ara ti ògiri, ẹ da ẹ̀ka igi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àlejò rí ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹ tó wá gbé wọn sórí igi tí àwọn onílé ń wọ̀ sí lóru. Inú mi sì dùn pé mẹ́ta ni ẹ rà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, gbogbo ìjà náà ni ìbá dá lé e lórí.

Ìbéèrè: Nígbà wo ni kí n dá sí ìjà náà?

Bí wọ́n bá gbé ìyẹ́ ọrùn sókè, tí wọ́n fò lu ara wọn, tí ọ̀kan sì sá, ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ dìde kíá, nítorí àwọ̀ pupa máa ń fa ojú adìẹ, gbogbo wọn yóò sì máa sọ ojú ọgbẹ́ náà títí yóò fi di ikú. Ẹ gbé ẹni tó fara pa kúrò, ẹ fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi Gentian violet, oògùn ojú ọgbẹ́ aláwọ̀ àlùkò, kùn ún kí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ má baà hàn mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo, bí àgbébọ̀ pupa yín, ló ń lé wọn láìsinmi, òun ni kí ẹ yọ kúrò fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ fi àlejò sílẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi padà, àwọn yòókù ti tò láìsí i, òun ni yóò wá máa wá àyè.

Ìbéèrè: Ẹyin ti dín kù.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Onílé àti àlejò ni ara ń ni, ẹyin yóò sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá padà, tàbí bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀kan ń sín, ẹ ké sí oníṣègùn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní Ọ̀yọ́ fẹ́ fi òròmọdìẹ Noiler mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Irú adìẹ yẹn, Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni ilé-iṣẹ́ Amo tó mú un jáde wà, ó sì dára fún ẹ̀yìnkùlé, nítorí ó ń yé ẹyin, ó sì ní ẹran lára. Ṣùgbọ́n òròmọdìẹ kò gbọdọ̀ dé àárín àgbébọ̀ kí ó tó tó wọn ní ìdàgbàsókè, bí ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Oúnjẹ àwọn tó ń yé ẹyin ní kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú èèpo ẹyin le, tó bí ìdá 3.5 sí 4 nínú 100, nígbà tí èyí tí adìẹ tó ń dàgbà nílò kò ju bí ìdá 1 lọ. Bí ọmọdé adìẹ bá ń jẹ ti àgbà, kíndìnrín rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá pa wọ́n pọ̀, oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà ni kí ẹ fún gbogbo wọn, kí ẹ wá da ìkarahun tí a gún sínú ike mìíràn. Àwọn tó ń yé ẹyin yóò lọ mú un fúnra wọn.

Ìbéèrè: Nígbà wo ni mo lè ká nẹ́ẹ̀tì náà kúrò?

Ẹ gbé iná lọ wo ilé adìẹ yín lóru. Bí àlejò bá ṣì dá wà ní ìpẹ̀kun igi, tàbí tí ó sùn sílẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ nítòsí. Bí ẹ bá bá àgbébọ̀ pupa lórí igi tí ọ̀kan nínú àwọn ti Wàsó fẹ̀gbẹ́ tì í, tí ìyẹ́ wọn kan ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì ti di ojú, ẹ ká a kúrò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.