Kí ló dé tí ìrísí hóró nano fi ń yí ìrìn rẹ̀ padà nínú ara?

Ìbéèrè: Ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe hóró nano méjì (hóró tó kéré jọjọ, tó kéré gan-an ju sẹ́ẹ̀lì lọ). Kí ló dé tí èyí tó rí róbótó fi ń tètè pòórá nínú ẹ̀jẹ̀, tí èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń pẹ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo macrophage, sẹ́ẹ̀lì olùṣọ́ tó ń gbé ohun àjèjì mì. Ó pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ hóró nano ń balẹ̀ sí. Kò ní ẹnu; ṣe ló ń na awọ ara rẹ̀ yí ohun tó bá bà ká, títí á fi bò ó pátá. Ibi tó bá kọ́kọ́ bà ló ṣe pàtàkì jù.

Ní 2006, Julie Champion àti Samir Mitragotri ní Yunifásítì California, Santa Barbara, rì ike polystyrene róbótó sínú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn, wọ́n nà án, àwọn róbótó náà sì di onírúurú ìrísí. (Wọ́n tóbi ju nano lọ, wọ́n ṣeé wò lábẹ́ maikirosíkópù.) Nígbà tí macrophage ba èyí tó rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ ní ṣónṣó orí, kò tó ìṣẹ́jú 6 tó fi gbé e mì. Nígbà tó bà á ní ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ, wákàtí 12 kọjá, kò rí i gbé mì. Ṣe ló kàn tẹ́ ara lé e lórí. Hóró kan náà ni o! Ẹ̀gbẹ́ tó fi kò ó nìkan ló yàtọ̀.

Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ náà ń gbè lẹ́yìn hóró tó gùn. Ní 2007, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pennsylvania fi àwọn hóró nano tó gùn, tó rọ̀ bí òwú, sínú ẹ̀jẹ̀ eku: wọ́n lò tó ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ìlọ́po 10 ti àwọn róbótó. Ìṣàn ń fà wọ́n tu kí sẹ́ẹ̀lì tó bò wọ́n tán.

Ìbéèrè: Ṣé ká kúkú máa ṣe wọ́n gígùn?

Ìdáhùn: Rárá o. Gígùn tó rọ̀ yàtọ̀ sí gígùn tó le. Tí carbon nanotube (ọ̀pá oníhò tín-ín-rín tí wọ́n fi carbon ṣe) tó le bá gùn ju nǹkan bí maikirómítà 15 lọ (maikirómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), macrophage á bò ó dé ìdajì, awọ ara rẹ̀ kò ní lè pàdé, bí àpò tí igi yọ lẹ́nu rẹ̀. Á wá máa tú èròjà tó ń mú ara wú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni asbestos, òkúta tó ní fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, ṣe ń ba ara jẹ́.

Ìbéèrè: Ọ̀pá wúrà nano wa ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ṣé ìrísí rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ìrísí lẹ́bi. Inú CTAB, irú ọṣẹ kan, ni wọ́n sábà ń hu ọ̀pá wúrà, ọṣẹ yìí sì máa ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí gbirigbiri kí wúrà lè yà kúrò lára omi, fọ̀ ọ́, àmọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́ jù, àwọn ọ̀pá á lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ fi PEG, èròjà kan tí kì í sábà pa sẹ́ẹ̀lì lára, rọ́pò ọṣẹ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi orí tó ṣẹ́ kù nínú centrifuge, tí kò ní wúrà kankan, sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Tí ìyẹn náà bá kú, ọṣẹ ló pa á.