Bí Ìrìn Ṣe Di Ara Oògùn ní Karlovy Vary

Láàárọ̀ kùtù, àlejò tó bá kọ́kọ́ dé Karlovy Vary lè rò pé àwọn èèyàn ń wá nǹkan tó sọ nù. Tàgbà tèwe ló ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́bàá odò Teplá, kálukú gbé ife kékeré dání. Wọn kò kánjú, wọn kò sì jókòó. Wọ́n á dúró níbi ìsun kan, wọ́n á bu omi, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún máa lọ síbi ìsun mìíràn. Oògùn ni wọ́n ń lò. Dókítà kan ló sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn sí i.

Ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Czech ni ìlú yìí wà, nínú àfonífojì tóóró tí òkè onígbó há mọ́ra. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ọba Charles Kẹrin ń ṣọdẹ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1350. Ajá rẹ̀ ń lé àgbọ̀nrín lọ, ló bá já sínú omi tó ń hó, igbe ajá ló sì pe àwọn ọdẹ síbẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí o, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ajá ọba sáà máa ń wúlò nínú ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú. Èyí tó dájú ni pé ní 1370, ọba yìí fún ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìlú, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Karel ni wọ́n ń pe Charles lédè wọn. Vary sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe omi híhó tan.

Wíwẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi omi náà ṣe, kì í ṣe mímu. Ìwẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe eré: aláìsàn á wà nínú omi gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́, títí awọ ara rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ohun tí wọ́n ń retí gan-an nìyẹn, torí wọ́n gbà pé ojú ibi tí awọ ti sán ni àìsàn máa gbà jáde. Ní 1522, dókítà Václav Payer gbé ìwé jáde lórí omi yìí, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n máa mu ún pẹ̀lú. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì gbọ́ jù. Nígbà tó yá, mímu borí wíwẹ̀, wọ́n ń da ife lé ife, wọ́n sì ń ní kí wọ́n gbé omi wá bá àwọn nínú yàrá. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

David Becher, tí wọ́n bí ní 1725, ló wá tún nǹkan tò. Dókítà ni, ó sì fi ojú onímọ̀ yẹ omi náà wò. Òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń se é gbẹ láti mú iyọ̀ inú rẹ̀ jáde fún títà. Ohun tó sọ fún àwọn aláìsàn kò le: ẹ dín iye ife kù, ẹ lọ mu ún lójú ìsun, kí ẹ sì máa rìn nínú afẹ́fẹ́. Ó nídìí. Omi náà ń bá gáàsì jáde látinú ilẹ̀, irú èyí tó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí wọ́n tó gbé e dé yàrá, ó ti tutù, gáàsì sì ti fò lọ. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń rìn kò lè máa da omi sọ́nà ọ̀fun bí ẹni tó jókòó ti ìkòkò. (Becher yìí kọ́ ló ni ọtí Becherovka. Josef Becher, apòògùn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìyẹn ní 1807. Wọ́n máa ń fi ṣàwàdà pé òun ni ìsun kẹtàlá, lẹ́yìn méjìlá olómi.)

Ẹni tí wọ́n ní kó rìn nílò ọ̀nà. Ará Scotland kan, James Ogilvy, ìjòyè Findlater, tó ń wá gba ìtọ́jú níbẹ̀, fi owó ara rẹ̀ la ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ inú igbó òkè. Ìlú gbé òpó òkúta ró ní 1804 láti fi yẹ́ ẹ sí. Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, wà lára àwọn tó ń rìn ládùúgbò yìí. Ìgbà 13 ló wá sí ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ òjò ló kàn. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ìloro gígùn olópòó sórí àwọn ìsun, kí èèyàn lè máa rìn kí òjò má baà pa á. Josef Zítek ló ya àwòrán èyí tó lókìkí jù, tí wọ́n kọ́ láti 1871 sí 1881: òpó 124, ìsun márùn-ún lábẹ́ òrùlé kan. Èyí tí wọ́n fi pákó kọ́ ní 1883, fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni omi àwọn ìsun yìí ti ń wá. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó àti bí gáàsì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Vřídlo, tó ń tú sókè tó mítà 12, gbóná tó 73°C, bẹ́ẹ̀ ìsun mìíràn wà tí kò ju bíi 30°C lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń yan ìsun fún aláìsàn. Ife tí wọ́n fi ń mu ún náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: tánganran ni, pẹlẹbẹ, ihò sì wà nínú etí tí wọ́n fi ń dì í mú. Etí yẹn ni wọ́n ń fi ẹnu fà, kí omi má baà jó ètè, kó má sì kan eyín púpọ̀. Ó níyọ̀ lẹ́nu, ó sì ń ta bí irin.

Omi yìí ń gbé òkúta rìn nínú ara rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé òdòdó rósì tí wọ́n fi bébà ṣe sábẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ mélòó kan, ó ti di òkúta pupa rúsúrúsú, àwọn àlejò á sì rà á lọ sílé. Òkúta yẹn kan náà ló ń dí ọ̀nà omi lábẹ́ ilẹ̀, tí àwọn tó ń tọ́jú ìsun fi gbọ́dọ̀ máa là á.