Security-scoped bookmark: bí áàpù inú sandbox ṣe ń rántí fáìlì lórí Mac

Security-scoped bookmark ni orúkọ tí Apple sọ ọgbọ́n tí áàpù inú sandbox (ògiri tí macOS mọ yí áàpù ká kó má bàa na ọwọ́ sí gbogbo fáìlì) lórí Mac fi ń di àyè tí wọ́n fún un lórí fáìlì tàbí fódà kan mú, kí àyè náà má bàa parẹ́ tí wọ́n bá pa áàpù ọ̀hún tí wọ́n sì tún ṣí i. Ó wọlé pẹ̀lú OS X 10.7.3 (OS X ni orúkọ àtijọ́ macOS) ní 2012, ọdún yẹn náà ni Apple sọ ọ́ di dandan, láti oṣù kẹfà, pé áàpù tuntun tó bá fẹ́ wọ Mac App Store gbọ́dọ̀ wà nínú sandbox.

Kí sandbox tó dé, áàpù tí èèyàn bá fi sórí Mac lè ka gbogbo nkan tí ẹni náà fúnra ẹ̀ lè kà, ì báà jẹ́ géèmù lásán, fótò ẹbí o, ìwé báńkì o, kò sí èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè tó. Sandbox tó bá Lion dé ní 2011, ìyẹn OS X 10.7, ló mọ ògiri sí i. Áàpù kọ̀ọ̀kan ní fódà tiẹ̀ nínú Library/Containers, ibẹ̀ ló ti lè ṣe bó ṣe wù ú, tó bá sì na ọwọ́ kọjá ibẹ̀, kernel, ìyẹn ọkàn macOS fúnra ẹ̀, á dá ọwọ́ ẹ̀ padà. Fèrèsé Open tí èèyàn máa ń rí tó bá fẹ́ mú fáìlì, áàpù kọ́ ló ń ṣí i o, bó tiẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ lójú, Powerbox ni, ètò mìíràn tó wà lóde ògiri, áàpù ò sì ní rí nkankan nínú ohun tó wà níbẹ̀ àfi fáìlì tí wọ́n bá mú fún un. Èyí tí wọ́n bá fi máòsì wọ́ sórí áàpù náà wọlé bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi sí pé wọ́n tún ń béèrè ṣé ẹ gbà àbí ẹ ò gbà níbí, mímú tí ẹ mú fáìlì yẹn gan-an làṣẹ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àṣẹ yìí ò ju ìgbà tí áàpù ṣì wà ní ṣíṣí lọ. Ẹni tó kọ áàpù lè rò pé tí òun bá ti kọ àdírẹ́sì fáìlì náà sílẹ̀ síbì kan ó ti parí, ó di ọjọ́ kejì, àdírẹ́sì ṣì wà níbẹ̀ geere, fáìlì ò kúrò níbi tó wà, àmọ́ ilẹ̀kùn ti padé, "Operation not permitted" ló máa rí. Áàpù tó kàn ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ jìyà ẹ̀, torí macOS fúnra ẹ̀ ló ń bá a tọ́jú Open Recent, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ṣí láìpẹ́. Àwọn tó ń to orin, tó ń to fótò, tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù, tó jẹ́ pé fódà kan náà ni wọ́n máa ń padà sí lójoojúmọ́, àwọn yẹn ni bookmark yìí wà fún.

Nígbà tí àyè ṣì wà lọ́wọ́ áàpù ló máa ní kí macOS ṣe bookmark fún òun, tí macOS á fún un ní dátà kan tí kò ṣeé kà lójú, á wá tọ́jú ẹ̀ síbi tó bá wù ú. Áàpù mìíràn ò lè jí i lò. Nígbà míì tí wọ́n bá ṣí i, á tú dátà yẹn padà sí URL, ìyẹn àdírẹ́sì fáìlì, á pe startAccessingSecurityScopedResource tó ń ṣí ilẹ̀kùn, á ṣe iṣẹ́ ẹ̀ tán, á sì pe stopAccessingSecurityScopedResource tó ń tì í. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ nkan ìní kernel, tó bá wá pọ̀ jù áàpù ò ní lè ṣí ibi tuntun kankan mọ́ títí wọ́n á fi pa á tí wọ́n á tún un ṣí. Ohun tó dáa nínú bookmark ni pé ó mọ fáìlì ju àdírẹ́sì lọ: tí wọ́n bá yí orúkọ fáìlì padà tàbí tí wọ́n gbé e lọ sí fódà mìíràn lórí dísìkì kan náà, ó sábà máa ń wá a rí. Nírú àsìkò yẹn macOS lè sọ pé bookmark ti di stale, ìyẹn ni pé ó ti gbó, kí áàpù yáa ṣe tuntun ni.

Lórí Windows, FutureAccessList ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún áàpù UWP, ìyẹn irú áàpù Windows tó ń wà nínú sandbox, ó ń gba 1,000 nkan, tó bá kún, áàpù fúnra ẹ̀ ló máa yọ èyí tó ti pẹ́ kúrò. Ti Linux yàtọ̀ díẹ̀. Flatpak, ètò tí wọ́n fi ń pín áàpù inú sandbox lórí Linux, máa ń gba document portal kọjá, ìyẹn ètò tó wà lóde ògiri tó ń gbé fáìlì fún áàpù, fáìlì tí wọ́n bá mú á wá hàn sí áàpù lábẹ́ fódà bíi /run/user/1000/doc pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, ohun tó máa ń jẹ́ kí àdírẹ́sì fáìlì rí wúruwùru nínú àwọn áàpù kan nìyẹn. Portal ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó láyè sí kí ni, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà sì lè fi àṣẹ flatpak documents wò ó, kó fi flatpak document-unexport gba àyè ẹ̀ padà. Ti Mac ò rí bẹ́ẹ̀, inú dátà áàpù fúnra ẹ̀ ni bookmark wà. Files and Folders tó wà nínú ètò Privacy láti macOS Catalina, ní 2019, nkan mìíràn nìyẹn, ti Desktop, Documents, Downloads àtàwọn bíi tiwọn ló ń ṣọ́.