Ta Ló Ni Sìkéèlì? Bí Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fi Ń Sọ Pé A Ti Sanra Jù Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bàbá mi kì í gba sìkéèlì gbọ́ rárá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí kòkó bá ti gbẹ tán, a máa ru àpò lọ sí sítọ́ọ̀ àwọn tó ń rà á, tí wọ́n bá sì ti gbé àpò kọ́ sórí sìkéèlì, ojú gbogbo wa á wà lára ọwọ́ tó ń yí yẹn, àmọ́ bàbá mi ò ní wò ó, ọwọ́ ẹni tó dúró ti sìkéèlì ni wọ́n máa ń wò. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní ká gbé àpò yẹn náà lọ sí sítọ́ọ̀ kejì, nọ́ńbà tibẹ̀ á sì yàtọ̀. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi wá tá a bá ń padà sílé: "Ta ló ni sìkéèlì?"

Ọdún tó kọjá ni ìbéèrè yẹn tún padà wá bá mi. Eékún ń dun màámi, a gbé wọn lọ sí ọsibítù kan, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gun sìkéèlì, 90 kílò, ó wọn gíga wọn, mẹ́tà kan àti ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ó tẹ nǹkan lórí fóònù ẹ̀, ó kọ 35 sórí káàdì. Dókítà wo káàdì yẹn, kò fọwọ́ kan eékún o, kò ní kí wọ́n rìn kóun wò ó, ó kàn ní "Màmá, ẹ ti sanra jù, ẹ lọ dín iyán kù, eékún á fi yín sílẹ̀." Ó parí. Ẹni tí wọ́n bí sílẹ̀ Èkìtì, tó ti ń fi odó gúnyán láti kékeré, wọn ò sọ ohun tó máa jẹ dípò ẹ̀, wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò yẹ ìtọ̀ wò. Màámi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó dùn mí gan, mi ò lè purọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí 35 yẹn. BMI ni wọ́n ń pè é. Wàá fi gíga ẹ lọ́nà gíga ẹ, ti màámi ni 1.60 lọ́nà 1.60, ó jẹ́ 2.56, wàá wá fi ìyẹn pín 90, ó fún ẹ ní 35 àti díẹ̀. Láti 18.5 títí dé 25, wọ́n ní o wà dáadáa, tó bá ti kọjá 25 o ti ń sanra jù, tó bá dé 30 wọ́n á pè é ní àìsàn. Ó rọrùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín?

Ẹni tó kọ́kọ́ pa ìṣirò yẹn pọ̀, dókítà kọ́. Adolphe Quetelet lorúkọ ẹ̀, ọmọ ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, 1796 ni wọ́n bí i, ìràwọ̀ ojú ọ̀run ni iṣẹ́ ẹ̀, òun ló wà nídìí bí wọ́n ṣe kọ́ ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Brussels. Àwọn oníràwọ̀ ìgbà yẹn ní ọgbọ́n kan, tí èèyàn mẹ́wàá bá wọn ibi tí ìràwọ̀ kan wà tí nọ́ńbà wọn ò bára mu, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá àárín ẹ̀, àárín yẹn ni wọ́n á gbà pé ó jẹ́ òótọ́, tí ti àwọn tó kù á sì jẹ́ àṣìṣe. Ọgbọ́n yẹn dára fún ìràwọ̀, torí ibi kan ṣoṣo ni ìràwọ̀ wà lóòótọ́. Quetelet wá gbé e lé èèyàn lórí. Ìwé kan tó gbé jáde ní 1835 ló ti ń ṣàlàyé "ẹni àárín" yẹn, lẹ́yìn náà ó tún kó ìwọ̀n àyà àwọn sójà Scotland, 5,738 èèyàn, ó wá àárín wọn, ó ní àwòṣe gan-an nìyẹn, àwọn yòókù ló yà kúrò lójú ọ̀nà. Níbi tó ti ń ṣe gbogbo èyí ló ti rí i pé láàárín àwọn àgbàlagbà, ìwúwo èèyàn máa ń tẹ̀ lé gíga ẹ̀ lọ́nà gíga ẹ̀. Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò wo ẹnikẹ́ni tó ń ṣàìsàn, kò ní kí wọ́n fi sọ fún ẹnì kan pé ó sanra, àwọn ará Yúróòpù ló sì wọ̀n. Tí ẹ bá bi mí, ibí yìí gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti wọ́, ibi tí àárín ti di ẹ̀tọ́, tí ẹni tí kò sí láàárín wá di àṣìṣe.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìṣirò yẹn fi wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fi ń díwọ̀n ìsanra. Àwọn tó mú ọ̀rọ̀ ìwúwo wọ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni àwọn onííńṣọ́ránsì. Ilé iṣẹ́ Metropolitan Life ní New York ń ta íńṣọ́ránsì ẹ̀mí, wọ́n fẹ́ mọ irú oníbàárà tó máa tètè kú, Louis Dublin tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò wọn sì kó ìwé àwọn oníbàárà jọ, ní 1942 wọ́n gbé tábìlì "ìwọ̀n tó dáa jù" jáde fún obìnrin, ní 1943 ti ọkùnrin tẹ̀ lé e, wọ́n tún un ṣe ní 1959. Gíga ẹ rèé, ìwọ̀n tó yẹ kó o wà rèé, tó o bá jẹ́ ẹni eegun kékeré, tàbí àárín, tàbí ńlá. Wọn ò sọ bí èèyàn ṣe máa mọ irú eegun tóun ní o. Ẹni tó sì wà nínú ìwé yẹn, ẹni tó lówó íńṣọ́ránsì lọ́wọ́ nígbà yẹn ni, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù. Tábìlì tí wọ́n ṣe torí òwò ni àwọn dókítà gbé lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn. Bàbá mi ì bá ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ síyẹn.

Ancel Keys ló wá gbé ìṣirò Quetelet padà wá ní 1972, onímọ̀ nípa oúnjẹ ni ní Minnesota. Tábìlì onííńṣọ́ránsì yẹn ń bí i nínú, ó ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá wọn àwọn ọkùnrin tó lé ní 7,000 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, wọ́n fi onírúurú ìṣirò wéra, ti Quetelet ló rọrùn jù tó sì ṣe é gbára lé díẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní body mass index, òun ni BMI yẹn. Ọkùnrin nìkan o, kò sí obìnrin kankan nínú ẹ̀, Keys fúnra ẹ̀ sì sọ pé kò pé tán, pé kò kàn burú ju àwọn tó kù lọ ni. Ohun tó ń wá ni nǹkan tí olùwádìí lè fi wo ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wíwo ìlú yàtọ̀ sí wíwo èèyàn kan. Tó o bá wọn gbogbo Adó pọ̀, nọ́ńbà yẹn á sọ nǹkan kan fún ẹ, àmọ́ kò lè dá iṣan mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò mọ̀ bóyá inú ikùn lọ̀rá wà tàbí ní ìdí àti itan, bẹ́ẹ̀ tinú ikùn yẹn ló burú jù.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1998. Ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ìlà tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ti sanra jù wà ní 27.8 fún ọkùnrin àti 27.3 fún obìnrin, àwọn ìjọba ibẹ̀ wá fà á wálẹ̀ sí 25 kó lè bá ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, mu. Ó lé ní mílíọ̀nù 25 èèyàn tó sùn lálẹ́ tí kò sí nǹkan tó ṣe é, tó jí láàárọ̀ tó ti di ẹni tó sanra jù, láìjẹ òkèlè kan kún un.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn kan ti dìde. Ní June 1967, nǹkan bí 500 èèyàn kóra jọ sí Central Park ní New York, Steve Post tó ń ṣiṣẹ́ rédíò ló pè wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun ní gbangba, wọ́n dáná sun ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń rù, wọ́n tún sun fọ́tò Twiggy, ọmọbìnrin tínínrín tó gbòde nígbà yẹn. Oṣù November ọdún yẹn náà, Lew Louderback kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Saturday Evening Post pé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó sanra ti tó gẹ́ẹ́. Bill Fabrey kà á. Fabrey fúnra ẹ̀ kò sanra, ìyàwó ẹ̀ ló sanra, ó sì ti ń wo bí wọ́n ṣe ń fojú tín-ín-rín ìyàwó òun, òun ló dá NAAFA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn tó sanra, sílẹ̀ ní 1969. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà, torí èmi náà torí màámi ni mo ṣe ń kọ eléyìí. Àwọn obìnrin kan ní Los Angeles rí i pé ẹgbẹ́ yẹn rọ̀ jù, wọ́n yà lọ dá Fat Underground sílẹ̀, àwọn yẹn lọ ka ìwé àwọn dókítà fúnra wọn, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ ló máa ń padà sanra, kí wọ́n yéé di ẹ̀bi rù wọ́n, Judy Freespirit àti Aldebaran sì kọ ìkéde wọn jáde ní 1973. Òfin náà ti wà níbòmíràn báyìí: ìpínlẹ̀ Michigan ṣe òfin ní 1976 pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ torí ìwúwo ẹni kọ̀ ọ́, ìlú New York náà ṣe tiẹ̀ ní 2023.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé ṣé ká wá máa sanra lọ ni, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní fi òótọ́ pa mọ́. Ọ̀rá inú ikùn ń fa àtọ̀gbẹ, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn. Kódà lórí eékún, dókítà yẹn ò jìnnà sóòótọ́: ìwádìí kan ní 2005 lára àwọn àgbàlagbà tó sanra tí eékún ń dùn fi hàn pé kílò kan tó bá kúrò lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí eékún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀. Nínú àwọn tó ń jà fún ẹni tó sanra, àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ gbọ́ èyí rárá, mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé nọ́ńbà nìkan ti tó, ẹ tún gbọ́, ní 2013 Katherine Flegal, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ìwádìí 97 pọ̀, wọ́n rí i pé ikú àwọn tó wà láàárín 25 sí 30 fi díẹ̀ kéré sí ti àwọn tí wọ́n ní wọ́n wà dáadáa, ìdá 6 nínú 100 ni ìyàtọ̀ ẹ̀, ariwo tó tẹ̀ lé e ní yunifásítì Harvard kò kéré. Ọdún 2023 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fẹnu ara wọn sọ pé BMI nìkan ò tó, pé ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti mú un jáde. Fún àwọn ará Éṣíà, WHO ti sọ láti 2004 pé ewu lè bẹ̀rẹ̀ láti 23. Tiwa ńkọ́? 25 yẹn náà ni wọ́n ṣì ń fi wò wá.

Nílé wa níbí, "o ti sanra" kì í ṣe èébú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún, wọ́n á ní ibẹ̀ gbà á, ẹni tó bá rù ni wọ́n máa ń fa ìyá ẹ̀ sẹ́yìn bi pé ṣé kò sí o, nígbà tí HIV wá gbòde, ìbẹ̀rù rírù tún le sí i. Ní báyìí ọmọbìnrin kan náà tí wọ́n ń yìn lóde ìgbéyàwó n'Ìkẹ́rẹ́ pé ara ẹ̀ gbayì, tó bá gbé fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù, orobo ni wọ́n á máa pè é, ẹni tínínrín náà kò bọ́, lẹ̀pa ni tiẹ̀.

A gbé màámi lọ síbòmíràn. Dókítà ibẹ̀, obìnrin ni, ó kúnlẹ̀ gangan, ó di eékún mú, ó ní kí wọ́n nà án, kí wọ́n ká a. Ó ní ká ya fọ́tò eegun, oríkèé ti ń jẹ. Ó ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ṣúgà ti gòkè! Ohun tí tibi àkọ́kọ́ ò rí nìyẹn, torí wọ́n ti rí 35, wọ́n sì rò pé àwọn ti rí gbogbo ẹ̀. Òun náà ní kí wọ́n dín iyán kù o, àmọ́ ó sọ bó ṣe máa kéré tó, ó ní kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa rìn tí eékún ò ní gbóná. Ó wá ní ká fi okùn wọn wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ká ká okùn yẹn sí méjì, ká fi yí ìbàdí ká, pé ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ará Ìlú Ọba láti 2022 nìyẹn, kí ìbàdí má tó ìdajì gíga.

Okùn yẹn wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá màámi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí ẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ní kí n wá wò ó, ìka mi mẹ́ta ló gba àárín ẹ̀.