Ilé kan, ọjọ́ mẹ́fà: bí fíìmù Yorùbá olówó kékeré ṣe ń dé orí YouTube

Ẹni tó bá ti wo eré Yorùbá mẹ́ta mẹ́rin lórí YouTube á ti ṣàkíyèsí pé inú ilé kan ni wọ́n sábà máa ń wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin: pálọ̀ kan, yàrá kan, iwájú géètì, bóyá ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì. Kì í ṣe pé òǹkọ̀tàn ò mọ ibòmíràn. Owó ló kọ́kọ́ ń kọ ìtàn, kí òǹkọ̀tàn tó mú kálàmù.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kó kúrò ní lókéṣọ̀n kan lọ sí òmíràn, wọ́n á háyà mọ́tò, wọ́n á tú iná palẹ̀, wọ́n á tún un tò, ààbọ̀ ọjọ́ á sì ti lọ. Bí kámẹ́rà bá wá yọ sí títì, àwọn ọmọ àdúgbò á dé, wọ́n á ní kí wọ́n wá sanwó ilẹ̀. Nítorí náà, olóòtú, ìyẹn ẹni tó ń náwó sí eré, kì í kọ́kọ́ bèèrè pé ìtàn wo ló dùn. Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ ló ń kà. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́lé ńlá sí Ìkòròdú, eré olówó ni yóò ṣe. Ẹni tó ní ìbátan lábúlé, eré ọba àti ìjòyè ni.

Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka ìnáwó. Owó kámẹ́rà, owó iná, epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ ogún èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́: ọjọ́ kan tó bá lé, owó ló lé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ya eré bí ìtàn ṣe tò tẹ̀ léra. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tàbí òpin rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń yà á. Tọkọtaya lè kọ ara wọn sílẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sàn-án. Gbajúgbajà òṣèré tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó fún, ọjọ́ kan ni wọ́n á kó gbogbo síìnì rẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kan tó jókòó sórí àga kan ṣoṣo jálẹ̀ eré, tó ń fi fóònù bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan lẹ ń wò yẹn.

Kí gbogbo ẹ̀ má bàa dàrú, ẹnì kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa fi fóònù ya òṣèré lẹ́yìn síìnì kọ̀ọ̀kan lọ: gèlè wo ló wé, ọwọ́ wo ni aago wà, omi inú ife kù síbo. Ife tó kún nígbà tí ìyá ọkọ ń sọ̀rọ̀, tó di ààbọ̀ nígbà tí kámẹ́rà kọjú sí ìyàwó, tó tún kún padà! Àwọn òǹwòran ò ní jẹ́ kí ìyẹn kọjá, wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò.

Ohùn ló ń ba ọ̀pọ̀ eré jẹ́, kì í ṣe àwòrán. Èèyàn máa ń fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ò bá dún ketekete, wọ́n á pa á tì. Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́: wọ́n á gbé e sẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún, wọ́n á fa wáyà gígùn wọlé. Wọ́n á pa fáànù, wọ́n á pa ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á yọ iná fíríìjì. Ooru á mú, òógùn á máa ṣàn lójú òṣèré, ẹni tó ń kun àtíkè á máa sáré wọlé-jáde. Kí wọ́n tó kúrò ní yàrá náà, ẹni tó di máìkì mú á ní kí gbogbo ilé dákẹ́ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kó gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀. Ó lè dà bí eré ọmọdé lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àmọ́ òun ni ẹni tó ń to eré pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà á fi dí àlàfo, tó bá gé igbe àkùkọ àti fèrè mọ́tò kúrò.

Ọ̀nà tí owó ń gbà padà wọlé ló tún ń pinnu bí eré ṣe máa rí. Láyé Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré orí ìtàgé tí fíìmù rẹ̀, Aiyé, jáde ní 1979, àwọn olówó eré fúnra wọn ló ń gbé fíìmù káàkiri ìlú, torí ẹni tó bá fi fíìmù rán ẹlòmíràn, owó ló fi rán an. Nígbà tí fídíò dé, agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn mákẹ́tà Ìdúmọ̀tà: àwọn ló ń yáni lówó, àwọn ló ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, àwọn náà ló ń tà á. Díìsìkì VCD kan ò gbà tó wákàtí kan ààbọ̀, ni wọ́n bá ń pín eré sí apá kìíní àti apá kejì, wọ́n ń ta ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. "Ẹ máa retí apá kejì" tí gbogbo wa há sórí, ọgbọ́n ọjà ló fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀.

Ilé sinimá ò fi bẹ́ẹ̀ bá olówó kékeré lára mu. Onílé sinimá á gba tiẹ̀, ẹni tó ń pín fíìmù á gba tiẹ̀, bí ìjókòó bá sì ṣófo láti Friday dé Sunday àkọ́kọ́, wọ́n á sún eré sí aago tí kò sẹ́ni tó ráyè.

YouTube náà ní ìlànà tiẹ̀. Kí ìkànnì tó lè pín nínú owó ìpolówó inú fídíò, ó gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000, kí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12. Nínú dọ́là 100 tí ìpolówó bá mú wá, 55 ni ti onílé ìkànnì. Fídíò tó bá ti pé ìṣẹ́jú 8 lè gba ìpolówó láàárín, torí náà eré gígùn ló lérè. Ibi tí òǹwòran jókòó sí tún ṣe kókó: ẹnì kan tó ń wò ó ní London tàbí Houston lè mówó wá ju èèyàn mélòó kan lọ ní Ìbàdàn, torí owó tí àwọn olọ́jà ń san fún ìpolówó lọ́hùn-ún pọ̀ jù. Àwọn ọmọ àwọn òǹwòran òkè òkun yìí tí wọn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa wà lára ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ àwòrán. Bí wọ́n bá sì fi orin olórin sínú eré láìgbàṣẹ, owó ìpolówó fídíò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò olórin. Orin fíìmù tó máa ń tú àṣírí ìtàn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ní àǹfààní tiẹ̀ níbí: tara wọn ni.

Olóòtú tí kò ní olùtẹ̀lé á ta eré fún onílé ìkànnì tó ní wọn, yálà kó gba owó ẹ̀ẹ̀kan kó máa lọ, tàbí kí wọ́n jọ máa pín in. Ìwé àdéhùn ló yẹ kó sọ iye ọdún, kó sì sọ bóyá tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í ka ibẹ̀ dáadáa.

Ká ní eré kan gba mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, kí wíwò ẹgbẹ̀rún kan sì mú dọ́là kan wá. Bí wọ́n bá wò ó nígbà 500,000, dọ́là 500 nìyẹn. Ká ṣẹ́ dọ́là ní 1,500 náírà, ó di 750,000. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ya eré méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú òṣèré kan náà, nínú ilé kan náà. Bí pálọ̀ eré kejì bá jọ ti èkíní lójú yín, ẹ wò ó dáadáa: kọ́tìnì nìkan ni wọ́n pààrọ̀.