Gáàsì tó ṣẹ́kù nínú páìpù kì í ṣe ìdọ̀tí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, pé inú páìpù tí bíìmù áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀wọ́ átọ́ọ̀mù tó ní cháàjì iná, ń gbà gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá, pé gáàsì tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ìdọ̀tí ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, níbi tí áyọ́ọ̀nù ò tíì sáré, gáàsì díẹ̀ yẹn gan-an ló ń kó wọn jọ.

Ẹ jẹ́ ká mú púrótọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù háídírójìn. Wọ́n ní cháàjì pósítíìfù, gbogbo wọn, àgbò méjì kì í sì í mu omi nínú koto kan, wọ́n á máa taari ara wọn ni. Tí wọ́n bá sáré dé ẹ̀gbẹ́ ìyára ìmọ́lẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì tí ìrìn wọn ń dá sílẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa títaari yẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n ní SILHI, ẹ̀rọ tó ń tú áyọ́ọ̀nù jáde ní Saclay nílẹ̀ Faransé, agbára 95 keV, ìyẹn èyí tí iná 95,000 volt ń fún un, ni púrótọ́ọ̀nù fi ń jáde, bíi 4,300 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdù kan, ó tóbi létí àmọ́ kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀. Tí iná tí bíìmù ń gbé bá wá tó 100 mA (ìdá kan nínú mẹ́wàá ampere), àárín ẹ̀ á fi bíi 200 volt ga ju etí ẹ̀ lọ, á máa fẹ̀ títí á fi lọ lu ara páìpù.

Wo regberegbe kan bó ṣe ń wọlé lọ́jọ́ Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, agbádá ńlá lọ́rùn gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n tẹ aṣọ òun, kálukú ń fi ìgúnpá wá àyè, ẹgbẹ́ ń fẹ̀ síta. Bàbá kan dúró lọ́nà, ó gbé ọmọ lé èjìká. Wọ́n fara gbá a, ọmọ já bọ́ sáàárín wọn, bàbá ni wọ́n taari sí gọ́tà. Ọmọ ò wá bàbá o, ìlù ti mú un, ó ń sáré láti etí kan dé ìkejì, tó bá ti fẹ́ jáde báyìí ìlù á tún fà á padà. Ọmọ kejì já bọ́, ìkẹta, ìkẹwàá, títí ọmọ fi wà láàárín agbádá àti agbádá, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ taari mọ́ kó má baà tẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Alágbádá ni púrótọ́ọ̀nù, bàbá yẹn ni mólékù gáàsì, ọmọ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ní cháàjì nẹ́gétíìfù, ìlù ni bí pósítíìfù bíìmù ṣe ń fà á, gọ́tà ni ara páìpù. Kódà tí wọ́n bá fa afẹ́fẹ́ títí ó fi ku ìdá kan nínú mílíọ̀nù 100 ohun tó wà níta, inú sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó àti ní gíga ṣì ní mólékù tó lé ní bílíọ̀nù 200, kò sì ní ju bíi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdù kan lọ kí ọmọ tó pé. Ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó, ìlù á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ọmọ tó bá tún já bọ́ á bá tiẹ̀ lọ. Ibi tí ọgbọ́n nǹkan yìí wà nìyẹn, bíìmù fúnra ẹ̀ ló ń wá ohun tó máa so ó pọ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún un, neutralization, ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Púrótọ́ọ̀nù ò pàdánù cháàjì ẹ̀, alágbádá ṣì wọ agbádá. Èyí tó bá gbé ọmọ mọ́ra tó sì di átọ́ọ̀mù háídírójìn ti ṣòfò nìyẹn, kò sí mágínẹ́ẹ̀tì tó lè darí ẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí gáàsì àpọ̀jù ò fi dáa. Ṣùgbọ́n díẹ̀ dáa, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tú gáàsì krypton sínú páìpù ní SILHI, bíìmù sì dáa sí i.

Ìpẹ̀kun méjèèjì ló ń fa wàhálà. Lẹ́nu orísun tí bíìmù ti ń jáde, pósítíìfù ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ń fa àwọn ọmọ bíi ilé tí òórùn ìkọ́kọrẹ́ ti ń jáde, wọ́n á gbé òrùka nẹ́gétíìfù síbẹ̀ bí ìyá tó di pàṣán mú lẹ́nu géètì. Lẹ́ńsì oníná, tí wọ́n fi ń kó bíìmù jọ, náà ń kó ọmọ lọ, ló fi jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò jù tí bíìmù bá lágbára. Tó bá wá kan ẹnu RFQ, ẹ̀rọ tó ń fi iná sún bíìmù kó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọmọ ò lè bá wọn wọlé, títaari tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bá ti òrùka ìkẹyìn mọ́ ẹnu ẹ̀ gbágbáágbá kí ibi tí ọmọ ò sí má gùn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ.